Ilẹ̀ Mì, Ògiri Yín sì Wó

Bàbá mi tí n kò gbàgbé,

Ìyàwó mi kú. Ìyá Dúpẹ́ ni mo ń wí, ẹni tí ẹ máa ń pè ní Ọ̀gá mi. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ló kú, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ilẹ̀ ló mì. Ògiri ilé ìdáná ló wó lù ú. Ògiri yẹn, ẹ̀yin lẹ mọ ọ́n.

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó má bàa dà bíi pé mo ń fi nǹkan pamọ́ fún yín. Ẹ mọ̀ pé n kò kàwé. Dúpẹ́, àkọ́bí mi, ló ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ti di nọ́ọ̀sì ní Ọ̀wọ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Tí mo bá bú ènìyàn, kí ó kọ èébú náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ dáhùn lọ́jọ́ Ajé. Ó kàn yín, nítorí ẹ̀gbẹ́ orí yín gan-an ni ẹ̀rọ kan wà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kí ó dúró síbẹ̀ tàbí kí wọ́n hú u dànù. Ẹ jẹ́ kí n rò ó kàn án.

Nígbà tí ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan wá láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọmọdé ni lójú mi, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì le. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń wá ibi tí àpáta ti yọ sókè, tó jìnnà sí títì, kí ariwo ọkọ̀ má bàa dé ibẹ̀. Ó rí oko wa lọ́nà Ìpele. Ó rí àpáta pẹrẹsẹ tí a sin yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbẹ́ ihò kékeré síbẹ̀, kí òun ri ẹ̀rọ kan mọ́lẹ̀ tí yóò máa gbọ́ ìró ilẹ̀. Mo bi í pé kí ni ilẹ̀ ń wí. Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbà fún un nítorí pé Ìyá Dúpẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ọmọ náà kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù sínú àwo.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń wí yẹn, mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, mò ń pọ́n àdá. Ìyá Dúpẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìdáná, ó ń bẹ́ ẹ̀gẹ́, ó sì ń bú mi pé n kò tíì wẹ̀. Ilẹ̀ kù. Mo rò pé ọkọ̀ agbégi ni. Ṣùgbọ́n ìró náà kò gba etí wọlé, inú egungun ẹsẹ̀ mi ló gbà wọlé. Àwọn adìẹ fò. Omi inú korobá gbọ̀n dànù. Kí n tó dìde, ó ti tán. Ògiri náà kò tilẹ̀ wó nígbà tí ilẹ̀ ń mì. Ó dúró dìgbà tí gbogbo nǹkan dákẹ́. Ìyá Dúpẹ́ wò mí, ó ní, "Kí nìyẹn?" Ìgbà náà ni ó wá wó.

Mo fi ọwọ́ wa amọ̀ náà. Èékánná mi ya. Amọ̀ yín wúwo, Bàbá. Òjò ti rin ín títí dé inú. Nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti kún fún ẹrẹ̀, àyà rẹ̀ ti fọ́ wọlé, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rántí bí ẹ ṣe mọ ògiri yẹn. Ẹ fi ẹsẹ̀ po ẹrẹ̀ náà. Ẹ ń tu itọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ tó gbé ìṣù amọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó gbé ọkọ́. Nígbà tí ẹ mọ ọ́n tán, ẹ fi gìgísẹ̀ gbá ìdí rẹ̀ wò, ẹ sì yíjú sí mi bíi pé kí n yìn yín. Mo yìn yín. Kí ló dé tí ẹ kò fi òkúta sí ìpìlẹ̀ rẹ̀, nígbà tí òkúta kún oko yín? Ṣé ó rẹ̀ yín ni? Ṣé ẹ rò pé ilẹ̀ ò lè mì láé? Lọ́jọ́ yẹn mo kígbe orúkọ yín sórí òkú rẹ̀, gbogbo àdúgbò gbọ́. Wọ́n rò pé mo ń ké pe bàbá mi kí ó wá gbà mí. Èpè ni mo ń ṣẹ́.

Kí oòrùn tó mú, ọ̀rọ̀ ti ń lọ láàárín àwọn géndé. Ilẹ̀ wa kò mì rí lójú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ta ló wá fi nǹkan sínú rẹ̀? Ṣẹ́gun, àbúrò Dúpẹ́, ló là á mọ́lẹ̀: "Ẹni tó ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú Bàbá àgbà ńkọ́?" Wọ́n gba oko lọ. Wọ́n bá Tíṣà níbẹ̀. Ọ̀kadà ló gbé e wá láti Ọ̀wọ̀, kò yà sílé wa rárá. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ihò náà, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín.

Ó ń rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí ó ti ń retí láti ìgbà tí ó ti ri í mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un pé ènìyàn kú.

Wọ́n wọ́ ọ wá sí àgbàlá mi. Orí rẹ̀ ti là kí wọ́n tó dé. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì lù ú dé ibi tí wọ́n fẹ́ lù ú dé, nítorí ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín: ẹni tí wọ́n jà lólè ló ń kọ́kọ́ gbá olè, kí àwọn yòókù tó dà bò ó. Èmi ni mo lókùú. Èmi ni wọ́n ń dúró dè.

"Ọmọ Ọ̀yọ́!" obìnrin kan kígbe. "O ò rí ilẹ̀ ìyá rẹ mì, àfi tiwa?"

"Ẹ rọra o," ẹlòmíràn ní. "Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi wà lórí ẹní nínú yàrá, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ gbá a," Ṣẹ́gun sọ. Gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ṣáà gbá a. Ìyókù di tiwa."

Tíṣà gbójú sókè. Ẹ̀jẹ̀ ti dí ojú rẹ̀ kan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ yẹn kì í mi ilẹ̀. Etí lásán ni. Ilẹ̀ kàn mì díẹ̀ ni. Ògiri yẹn ló..."

Mo gbá a létí kí ó tó sọ ọ́ tán. Tí ó bá tún sọ ọ́ lónìí, màá tún gbá a. Èmi lè sọ̀rọ̀ ògiri yín sí yín lójú. Kò sí lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn ènìyàn náà bú ramúramù bí ẹranko. Táyà ti wọ ọrùn rẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo gbọ́ òórùn bẹntiróòlù. Ohun tó dìde nínú mi nígbà náà, ẹ má rò pé àánú ni. Mo wo ojú wọn, mo sì rí i pé inú wọn ń dùn. Òkú tèmi ni. Ìbínú tèmi ni. N kò tíì fi ṣe ohunkóhun, wọ́n sì fẹ́ fi sun ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán. Mo já táyà náà dànù. Mo gbé ẹsẹ̀ lé Tíṣà láyà kí ó má bàa sá, mo sì ń ju àdá tí mo pọ́n láàárọ̀ yíká. Ó ba Ṣẹ́gun lápá. Gálọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá! Èmi ni o! Ṣẹ́gun ni!"

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Sún mọ́ mi kí n gé èkejì."

Wọ́n túká. Ẹlòmíràn bú mi bí ó ṣe ń lọ, ó ní orí mi ti dàrú. Bóyá ó dàrú lóòótọ́.

Dúpẹ́ ti dé láti Ọ̀wọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó wẹ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rán apá àbúrò rẹ̀, ó rán orí Tíṣà. Kò fún Tíṣà ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora. Mo bi í bóyá ó ti tán ni. Ó ní rárá, ó wà nínú báàgì. Ní báyìí tí mo sọ ọ́, ó ti dá kíkọ dúró. Mo ní kí ó kọ ọ́.

Nígbà tí ojú rẹ̀ jinná, Tíṣà padà wá. N kò retí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi kú ìrójú, mo sì ní kí ó jókòó.

"Ta ló ti ilẹ̀?" mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó tì í, sà."

"Ó mì, àbí kò mì?"

"Ó mì, sà. Ilẹ̀ ló ń ti ilẹ̀."

Dúpẹ́ ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Tíṣà mú ṣíbí, ó ti awọ tó dì sójú ẹ̀kọ náà títí ó fi ṣù jọ. Ó ní èèpo ilẹ̀ tí a dúró lé rí bẹ́ẹ̀, ó tín-ín-rín, ó sì ti pín sí awẹ́ ńláńlá. Awẹ́ tiwa gbé gbogbo Áfíríkà àti apá kan òkun. Àpáta gbígbóná ló wà lábẹ́ rẹ̀, tí kò yọ́ di omi ṣùgbọ́n tó rọ̀, tó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Láàárín òkun ńlá lápá ìwọ̀-oòrùn, ìsàlẹ̀ òkun ń là, òkúta tuntun ń ru jáde níbẹ̀, awẹ́ tiwa sì ń sún lọ. Kò yára ju bí èékánná ṣe ń hù lọ. Ó ní ilẹ̀ kan wà lódìkejì òkun tó lẹ̀ mọ́ tiwa láyé àtijọ́ kí ó tó ya lọ. Etí àwọn awẹ́ wọ̀nyí ni ilẹ̀ ti máa ń mì jù, etí tiwa sì jìnnà sí Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ àtijọ́ wà nínú àpáta tó wà lábẹ́ wa, ibi tí ó ti là rí. Nígbà mìíràn, ipá tó ń ti awẹ́ náà á dé ibẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà á sì yẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ péré.

Mo bi í pé kí ló tún wà nísàlẹ̀ àpáta gbígbóná náà. Ó ní irin ni, irin tó yọ́, tó ń ṣàn. Láàárín gbùngbùn rẹ̀, irin líle tó gbóná bí ojú oòrùn.

"Mu ẹ̀kọ rẹ," mo ní. "Ó ti ń tutù."

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Mo sin yín sórí iná, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ṣé ó ń jó yín? Lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ gbọ́ ọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Ṣé ẹ kò lè fi èjìká dá a dúró, ẹ̀yin tí ẹ ń dá gbé ìtì igi? Ìtẹ́ òkú ìjọ la sin Ìyá Dúpẹ́ sí. Ṣé ó ti rí yín? Ṣé ó ti bá yín jà nítorí ògiri yẹn? Ó yẹ kí ó bá yín jà. Kò sẹ́ni tí kì í bá jà.

Ohun tó ń pa mí ni pé kò sẹ́ni tí mo lè gbá létí mọ́. Mo mú òòlù ńlá lọ sórí àpáta yẹn lọ́jọ́ kan, mo lù ú títí apá mi fi kú. Ó kàn ń dún ni. Tíṣà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rọ òun gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun rò pé a ń fọ́ òkúta tà.

Ní báyìí ó fẹ́ da kankéré yí ẹ̀rọ náà ká, kí ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo bi í bóyá ó lè sọ ọjọ́ tí ilẹ̀ máa tún mì. Ó ní kò lè sọ ọ́. Mo ní kí ló wá wúlò fún? Ó ní kí wọ́n lè mọ ibi tí ọgbẹ́ náà gbà, kí wọ́n sì sọ fún àwọn tó ń gbé lórí rẹ̀ kí wọ́n má fẹ̀yìn ti ògiri amọ̀ mọ́. Ilé amọ̀ ṣì pọ̀ níhìn-ín, Bàbá. Àwọn obìnrin ṣì ń fẹ̀yìn tì í. Ṣẹ́gun kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó rán ẹnu sí mi: tí kankéré yẹn bá gbẹ, òun á fọ́ ọ, lẹ́yìn náà òun á fọ́ orí ẹni tó dà á. Ọmọ mi ni. Mo mọ̀ pé yóò ṣe é.

Mo dúró lórí sàréè yín lánàá kí ẹ dá mi lóhùn. Tí mo bá rí ẹ̀rọ náà, mo fẹ́ fọ́ ọ. Tí Ṣẹ́gun bá ní òun máa fọ́ ọ, mo fẹ́ fọ́ Ṣẹ́gun. Irú mi kò yẹ lẹ́ni tó ń dájọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yíjú sí ẹni tó ń kọ̀wé. Dúpẹ́, ìwọ ni àkọ́bí. Ìwọ lo wẹ ìyá rẹ, ìwọ lo sì rán àwọn méjèèjì. Láti òní, tìrẹ ni ilẹ̀ yẹn, àti òkú inú rẹ̀, àti ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ Ajé, ìwọ ni kí o jáde sí Tíṣà, ìwọ náà ni kí o jáde sí àbúrò rẹ. Tí o bá ní kí wọ́n da kankéré, èmi ni màá fa omi rẹ̀, èmi ni màá sì wà láàárín nígbà tí Ṣẹ́gun bá dé. Tí o bá ní kí wọ́n hú u, èmi ni màá hú u. N kò ní bi ọ́ léèrè ìdí. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́.

Ó ti kọ ọ́, Bàbá.

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣì ń tẹ ilẹ̀ lórí yín, tó ń bínú sí yín, tó sì fẹ́ràn yín.