Àwọn Ahun Òkun Tí Mo Kà Láti Ọ̀kà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta, 2025
Iṣẹ́ tuntun! Wọ́n ri kámẹ́rà sínú òkun lápá Ìlàjẹ, níbi tí omi ti ya wọ ilẹ̀. Èmi, ọmọ orí òkè tí kò rí òkun rí, ni mo jókòó sí Ọ̀kà tí mò ń ka ahun òkun lójú kọ̀ǹpútà. Mẹ́ta lónìí. Ọ̀gá Olúyọmí ní wọ́n ti ka àwọ̀n léèwọ̀ níbẹ̀ kí ahun má bàa tán; tí ahun bá ti pọ̀ tó, àwọn apẹja á tún máa da àwọ̀n síbẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Iná lọ. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkàrẹ́. Ahun méje! Àwọn tó wá gẹ irun bá mi pariwo.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ìyá bàbá mi — Màmá Òkè ni mò ń pè wọ́n — gbọ́ bí mo ṣe ń kà á sókè. Wàhálà dé. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àbí mo fẹ́ kí àwọn ahun náà kú tán ni? Mo ní ẹran omi lásán ni, Mà. Wọ́n ní kò sí ọmọ lásán, kí n sọ wọ́n lórúkọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mọ́kànlá! Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lórí fóònù. Orí mi wú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á ṣí ibẹ̀ fún àwọ̀n.

Ọjọ́bọ̀, 13
Òjò. Màmá Òkè gúnyán, wọn kò bu tèmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Màmá Òkè ní kò sórúkọ, kò síyán. Ó dáa. Mo tún fídíò wò, mo fi orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ mi pè wọ́n. Àkọ́kọ́, Rachel: igbá ẹ̀yìn ẹ̀ ya létí, àbàwọ́n funfun wà lábẹ́ ojú ẹ̀. Ìkejì, Habeebat: àbàwọ́n funfun lábẹ́ ojú. Ìkẹta —
Iyán tutù síwájú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 16
N kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wo gbogbo ẹ̀. Rachel. Rachel. Rachel. Ó kọjá, ó yípo, ó tún dé. Ọ̀kan ṣoṣo! Èmi ni mo sọ ọ́ di agbo. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí: tí àwọ̀n bá wọ ibẹ̀, ó parí fún un.

Ọjọ́ Ajé, 17
Mo sọ fún Ọ̀gá. Wọ́n ní àwọ̀n kò ní wọ ibẹ̀ mọ́. Ti iṣẹ́ tèmi — wọ́n á pè mí.
Mo fi Rachel han Màmá Òkè. Ó ń fi imú kan dígí kámẹ́rà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá bèèrè bóyá ó ń rí ara ẹ̀ nínú dígí yẹn. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ẹ̀rín wọn tán. Wọ́n ní ìdí tó fi ń padà wá nìyẹn, ó rò pé òun ti rí ẹnìkejì.