Kílò Márùn-ún Nítorí Kíndìnrín Kan

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta

Wọ́n ní mo sanra jù. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ lónìí ni dókítà tó máa là mí níkùn. Ẹ̀jẹ̀ èmi àti Agùntáṣọọ́lò bára mu, kíndìnrín mi kan lè bá a lára mu. Ṣùgbọ́n kílò 91 ni mo wà. Àfi kí n bọ́ sí 86 kí wọ́n tó ṣe àwọn àyẹ̀wò tó kù. Àbúrò mi kan ṣoṣo ni Agùntáṣọọ́lò. Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ ò sì fẹ́ gba ẹ̀rọ náà mọ́. Inú bí mi débi pé mo ra búrẹ́dì lọ́nà, mo jẹ ẹ́ tán kí n tó délé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Wọ́n fi mí lé ọ̀dọ́kùnrin kan lọ́wọ́, tó kọ́ nípa oúnjẹ. Oníṣirò ni mo sọ ọ́—kò kí mi tán tó fi gbé ẹ̀rọ ìṣirò. Ó ní bí mo bá sùn gbalaja látàárọ̀ di alẹ́, ara mi á ṣì jó kálórì 1,600. Ó bèèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo ní iṣẹ́ ìdúró ni. Ó di 2,200. Kí n yọ 500 kúrò níbẹ̀, kí n máa jẹ 1,700, màá máa fi ìdajì kílò sílẹ̀ lọ́sẹ̀. Mo ní kí ló dé tí a ò yọ 1,500. Ó ní, "Ẹ rọra, Mà. Ẹ nílò okun tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún yín." Ìdajì kílò! Ta ló ráyè dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá?

Ọjọ́ Àìkú, 10

Tíì láìsí ṣúgà. Ìyà gbáà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

91. Kò yẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n fẹsẹ̀ gbá òṣùwọ̀n. Oníṣirò tún bi mí: iṣẹ́ ìdúró wo gan-an? Mo ní èmi ni mò ń dáná fún àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ilé ìwé. Ó ní ṣé mo máa ń tọ́ oúnjẹ wò. Ìbéèrè wo nìyẹn! Ó ní kí n gbé ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, gbogbo ìgbà tí mo bá tọ́ nǹkan wò, kí n bu iye kan náà síbẹ̀.

Ọjọ́rú, 13

Ife méjì ló kún dẹ́nu. Ọbẹ̀ olóróró, ẹ̀wà, ìrẹsì ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ojú tì mí. Láti ọ̀la, igbákejì mi ni yóò máa tọ́ ọ wò. Kí Ọlọ́run ṣàánú àwọn ọmọ, ahọ́n ìyẹn ò mọ iyọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

90. Àwọn ọmọ ní ọbẹ̀ ti di omi òkun. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Mo lọ wo Agùntáṣọọ́lò. Látìgbà tó ti ga ju bàbá wa lọ, tí gbogbo aṣọ ń yẹ ẹ́, ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú báyìí, ojú rẹ̀ rí bí eérú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má torí tèmi pa ara yín o." Mo ní kó panu mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè sin ọmọ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

88 àbọ̀! Oníṣirò ní ó yá jù. Mo ní ara mi ló gbọ́n ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Síkẹ́ẹ̀tì ń já bọ́ nídìí mi. Gbogbo àwọn tíṣà ń bèèrè ohun tí mo lò. Mò ń mu omi ṣáá—omi ò kúkú ní kálórì. Ó ń rẹ̀ mí gidi, mo sì fara mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹrin

85 àbọ̀. Mo pariwo lórí òṣùwọ̀n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ nọ́ọ̀sì.

Oníṣirò nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó ní kílò mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan—bí mi ò bá tiẹ̀ fẹnu kan nǹkan kan, ìṣirò ò lè gbé e débẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Òùngbẹ ńkọ́? Ìtọ̀ ńkọ́? Ṣé ojú mi kì í ṣú? Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gún mi níka.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ìtọ̀ ṣúgà. Òun ló ń jẹ mí, kì í ṣe pé mo gbọ́n. Dókítà ní àwọn ò lè yọ kíndìnrín lára mi, nítorí ọ̀kan tó bá kù lè bàjẹ́. Kì í ṣe lónìí, kì í ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé mi dìde, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Mi ò tíì sọ fún Agùntáṣọọ́lò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ látilé. Bí mo ṣe rí i báyìí, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn sọ pé mi ò lè fún un mọ́, mo sì sọ ohun tó fà á. Ó ń wo ọrùn mi, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo ń retí kó sunkún, tàbí kó bínú sí mi. Ó ní kí n jókòó. Ó fa oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n gbé fún un sún mọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti rù jù, Ẹ̀gbọ́n mi." Ó bu ṣíbí kan, ó sì nà án sí mi lẹ́nu.