Bí Mo Ṣe Jí Mọ́tò Bachirou Dìde Nínú Òtútù

Garáàjì Rafiou,
Ẹ̀bá Ọ̀nà Parakou,
Ṣábẹ (Savè).
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Tìmóthì, ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ mi ju iyèkan lọ,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú àtìpó Abidjan. Priscille ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara gbogbo wọn le? Orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà tí o wá sílé lọ́dún tó kọjá, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ, àbí àwọn ọmọ iṣẹ́ lo ṣì ń rán? Ní tiwa, a dúpẹ́. Wàsílátù ìyàwó mi ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Ooru ti dé. Àwọn òkè Ṣábẹ ń gbóná láti àárọ̀ bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná, àwọn ará Kaboua sì ti ń ṣán oko de òjò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti pè mí láti ìgbà tí mo ti ti Kánádà dé, tí o bi mí bí ìrìn àjò náà ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo dá ọ lóhùn pé "Ó dáa," tí mo sì yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn. Má bínú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún ọ, ohùn mi ni kì í dúró bí mo bá bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, kí Adjara ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ń bọ̀ wá ra ọjà ní Abidjan, bá mi mú un wá.

O mọ̀ pé èmi àti Bachirou ọmọ mi kò rẹ́ dáadáa kí ó tó kú ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tó ríṣẹ́ ní Québec, ta ni kò mọ̀ ní Ṣábẹ pé inú mi dùn? Mọ́tò ló dà wá rú. Mọ́tò eléré ìje ni, pupa fòò, ìjókòó méjì péré ló ní, ó sì rẹlẹ̀ débi pé bí ewúrẹ́ bá dúró tì í, yóò máa wo òrùlé rẹ̀ ni. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi tayọ̀tayọ̀. Èmi sì bi í pé níbo ni ìyàwó tí kò tíì fẹ́ máa jókòó, níbo ni àwọn ọmọ máa wà. Mo ní mo fi girísì ọwọ́ mi rán an níléèwé, òun wá ń fi owó ra ohun ìṣeré. Ó ní, "Bàbá, màá ṣàlàyé fún yín." Mo ní mi ò fẹ́ àlàyé. Láti ọjọ́ náà, ìkíni ọdún àti "ṣé àlàáfíà ni" nìkan ló kù láàárín wa, fún oṣù mẹ́rìnlá gbáko. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan orí fọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣubú, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

Oṣù kìíní ni físà mi tó jáde. Wọ́n ti sin ín sọ́hùn-ún nígbà náà bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀, nítorí náà ohun tí mo bá lọ kò ju kí n rí sàréè rẹ̀ kí n sì kó ẹrù rẹ̀. Fréjus, ọmọ Cotonou kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú kóòtù tó nípọn bí ìbùsùn. Ní ìtẹ́ òkú, ó fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò fún ìgbà pípẹ́ kí orúkọ ọmọ mi tó yọ síta. Mo ṣe àdúrà níbẹ̀, ẹnu mi sì ń gan.

Tìmóthì, ọyẹ́ tiwa tó ń la ètè yìí, eré ni. Níbẹ̀, bí mo bá mí, irun imú mi ń le bíi wáyà. Wọ́n ní ìwọ̀n òdo ni omi ti ń di yìnyín. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo wà níbẹ̀, òtútù ti sọ̀kalẹ̀ kọjá òdo yẹn ní ìwọ̀n mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Bachirou ń gbé lókè ilé ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Géraldine. Opó ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ti ta ilé náà, ó sì fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìparí oṣù, kò sì sí bí mọ́tò ṣe lè wà nínú ahéré onípákó tó wà lẹ́yìn ilé mọ́. Fréjus ti parí gbogbo ìwé mọ́tò náà, ó ní kí a gbé e wá sí ilé òun, ogójì kìlómítà síbẹ̀, títí a ó fi rí ẹni tó máa rà á. Ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ ni jíà rẹ̀, ọwọ́ la fi ń yí i, Fréjus kò sì mọ jíà ọlọ́wọ́ wà. Mo ní èmi máa wà á. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń jí mọ́tò tó ti kú dìde, kí ni èyí fẹ́ fi ṣe mí?

Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà ooru, òtútù ti mú un le bí pákó. Àwọn ti ìgbà yìnyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní igun ahéré, Bachirou ti tò wọ́n léra. Nígbà tí mo gbé èyí tó wà lókè, mo rí i pé ó ti fi ẹfun kọ̀wé sí i lára ní èdè wa: "iwájú ọ̀tún." Èkejì ni "iwájú òsì," bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́ dé ìdí. Bí a ṣe ń kọ ọ́ ní garáàjì mi níbí nìyẹn, kí táyà má baà kúrò ní ipò rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbi tí kò sí ẹlòmíràn tó lè kà á àfi òun nìkan. Mo jókòó lórí ọ̀kan nínú wọn fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Pípààrọ̀ wọn gbà mí ní wákàtí méjì, nítorí pé irin ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí mo bá bọ́ ìbọ̀wọ́.

Mo wá so bátìrì, mo wọ inú mọ́tò, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kùn lẹ́ẹ̀kan, bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, ó sì dákẹ́. Mo tún un yí. Mo yí i títí kò fi kùn mọ́, tí iná inú mọ́tò fi ń ṣe bàìbàì. Inú ti ń bí mi. Géraldine dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù ọkọ rẹ̀, ó fi Faransé sọ fún mi pé, "Mùsíọ̀ Rafiou, ẹ máa bà á jẹ́."

Mo ní iṣẹ́ mi ni.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Bachirou kì í ṣe é báyẹn." "Ibi tí ẹ wà yẹn ló dúró sí lọ́dún tó kọjá, tó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù nínú òtútù. Ó ní òun ń ṣàlàyé fún bàbá òun, torí mẹkaníìsì ni. Ṣé kò dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

Ó dé ọ̀dọ̀ mi, Tìmóthì. Mo rántí ọjọ́ tó dé. Mo rí i pé ohùn ni, ó gùn ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo sì ní kí n gbọ́ ọ lọ́la. Inú ń bí mi nígbà náà. Ọ̀la di ọ̀tunla, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n fi ránṣẹ́ wá bò ó mọ́lẹ̀ nínú fóònù. Mi ò gbọ́ ọ rí.

A wọ ilé ìdáná Géraldine lọ, mo jókòó sídìí tábìlì, mo wá a rí, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọmọ mi jáde, ketekete.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń jí mọ́tò níbí, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Òróró ẹ́ńjìnnì ti dì bí òrí tí Ìyá gbé kalẹ̀ nínú ọyẹ́. Bí ẹ bá fipá yí i, irin á máa jẹ irin, torí òróró kò tíì dé ibẹ̀. Òtútù sì ti gba agbára bátìrì. Ẹ yọ ọ́, kó wọlé wá sùn bí ènìyàn. Okùn iná kan wà níwájú, bíi ti áyọ́ọ̀nù, ẹ fi í bọ ihò iná ara ògiri fún wákàtí mẹ́rin, ó máa ń mú inú ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá jí, ẹ má fún un níná, ẹ má fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó ké. Ẹ ka ọgọ́ta, kí ẹ máa wá lọ jẹ́jẹ́, ìrìn ló ń mú un gbóná, kì í ṣe ìdúró. Ẹ má fa bíréèkì ọwọ́ o, yóò dì mọ́bẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí èsáńsì kún tánkì, kí omi má baà rí àyè dì nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó wúkọ́. Ó wá ní, "Ẹ bi mí pé níbo làwọn ọmọ máa jókòó. Mi ò ní èsì, Bàbá. Gbogbo àwọn ará ibí ló ń ti irú mọ́tò yìí mọ́lé bí òtútù bá ti dé. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè mú un rìn nínú òtútù láìbà á jẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ kọ́ mi ni. Ẹnu mi ti ń dì. Ó dàbọ̀."

Géraldine kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó ti kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fọ àwo tó mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo dìde, mo lọ yọ bátìrì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Géraldine fi okùn iná hàn mí.

Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Fréjus dé. Okùn ti wà lára iná láti aago márùn-ún. Mo gbé bátìrì padà sí àyè rẹ̀, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kùn, ó lọ́ra, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ kọ̀, ó wá jí. Mi ò fún un níná. Mo ka ọgọ́ta sókè bí ọmọ iléèwé, Géraldine sì gbé ọwọ́ sókè sí mi láti ojú fèrèsé.

Jíà rẹ̀ le bí ìgbà tí a ń fi orógùn ro àmàlà tó ti dì. Fréjus ṣíwájú pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Fún bíi kìlómítà kan, táyà ń lu ilẹ̀ gbì, gbì, gbì, nítorí pé ìsàlẹ̀ wọn ti dì pẹlẹbẹ níbi tí wọ́n dúró sí mọ́jú. Ní kọ́nà kan, ìdí rẹ̀ fẹ́ yọ̀ lọ. Mo kàn gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, mi ò tẹ bíréèkì, ó sì padà bọ́ sójú ọ̀nà. Ó tó kìlómítà méje kí abẹ́rẹ́ aago ìgbóná òróró tó mì rárá. Mo ń wò ó bí ìgbà tí a ń wo ọmọ tí ibà fẹ́ fi sílẹ̀.

Nígbà tó gbóná tán, a bọ́ sí ojú ọ̀nà tààrà tí wọ́n ti kó yìnyín kúrò lórí rẹ̀. Mo fún un níná díẹ̀, díẹ̀ péré. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, Tìmóthì. Ìwọ tí a jọ kọ́ṣẹ́, o mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kì í purọ́. Ẹni tó tọ́jú èyí mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ní ibì kan tí mi ò dé rí, mi ò sì sọ ọ́ fún un.

A dé ilé Fréjus. Ó ṣí garáàjì rẹ̀, mo wakọ̀ wọlé. Mi ò fa bíréèkì ọwọ́. Ó kù kí n pa mọ́tò. Ọwọ́ mi wà lára kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìjókòó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ mi. Fréjus dúró, ó dúró títí. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá, èéfín ń kún ibí."

Mo ní, "Bá mi pa á, Fréjus."

Mo jáde, mo lọ dúró sínú yìnyín lẹ́yìn ilé, kí n má baà wà níbẹ̀ nígbà tó bá dákẹ́.

Bí ó ṣe rí nìyẹn. Wàsílátù fi òrí àti gààrì rán Adjara sí Priscille, ó ní kó má fi fún àwọn aládùúgbò tán. Bá mi kí gbogbo àwọn ará Ṣábẹ tó wà lọ́hùn-ún. Adjara sọ fún mi pé láti ìgbà tí Florent ọmọ rẹ ti fi garáàjì rẹ sílẹ̀ ni ẹ kò ti bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn, mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bá mi kí Florent. Má rán ẹnikẹ́ni sí i. Ẹnu ara rẹ ni kí o fi kí i fún mi.

Èmi ni, ẹni tí a jọ ru àpótí irinṣẹ́ ọ̀gá kan náà,

Rafiou