Oògùn Ṣèyífúnmi Tí Mo Dà Nù

Ẹ̀gbọ́n mi Ọládiípọ̀,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìfọ́n. Ṣé otútù Kánádà ò pọ̀ jù? Mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́. Ìjà àwa àti Ìlọ́bù náà ti rọlẹ̀, ọ̀nà ti là, Màmá lọ kí àwọn èèyàn wọn níbẹ̀ lánàá.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ Ṣèyífúnmi ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ. Ẹ rántí pé dókítà ní àwọn èròjà inú ọpọlọ rẹ̀ ni kì í dọ́gba, ìyẹn ló fà á tó fi ń sọ̀rọ̀ láìsinmi lóṣù kan, tí kò sì ní lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lóṣù kejì. Ó ní kì í ṣe ìwà rẹ̀, kó máa lo oògùn bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá.

Ó yá lóòótọ́. A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a jó lọ síwájú pẹpẹ, mo jẹ́rìí pé Olúwa ti parí iṣẹ́. Bí a ṣe délé, ó nawọ́ sí oògùn. Mo ní, "Lẹ́yìn ìdúpẹ́? Ṣé o fẹ́ sọ mí di onírọ́ níwájú Ọlọ́run ni?" Mo da gbogbo rẹ̀ sí ṣalángá. Èmi tíṣà, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ!

Kò pé oṣù méjì tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti padà sí ọsibítù. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́, ìbáà ṣe omi.

Ẹ má fowó ránṣẹ́. Ẹ ṣáà pè é, kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó lo oògùn rẹ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ara yín, bí èmi ti ṣe.

Àbúrò yín,
Stella