Aago Tó Bó Mi Lọ́wọ́ àti Ọkàn Tí A Kò Mọ Ẹni Tó Ni Ín

Yàrá Kẹrin, Àjà Kejì,
Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.

Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìlera Àwọn Òṣìṣẹ́,
Ilé Alájà Mẹ́ta,
Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ AAGO ÌLERA NỌ́ŃBÀ 41 TÓ BÓ MI LỌ́WỌ́, ÀTI LÓRÍ ẸNI TÍ LẸ́TÀ YÍN Ń WÁ GAN-AN

1. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Òṣìṣẹ́ ni mí ní ẹ̀ka ìdìwé, nínú ilé ìtẹ̀wé tó wà lábẹ́ ètò ìlera yín. Ó di ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń ká ojú ìwé, tí mo ń rán an, tí mo sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. N kò kọ ìwé ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni rí. Èyí tí mo ń kọ yìí náà, ẹ̀sùn ni lápá kan, ìjẹ́wọ́ ni lápá kejì, n kò sì mọ orúkọ tí mo lè pe apá tó kù, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí òwú tí a kò rí orí rẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ kà á dópin kí ẹ tó bínú.

2. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà, wọ́n pín aago ìlera fún gbogbo wa. Aago náà ń ka ìṣísẹ̀ ẹni, ó sì ní iná kékeré kan lábẹ́ tó ń tàn sí awọ ara láti fi mọ bí ọkàn ṣe ń lù. Nọ́ńbà 41 kàn mí. Nọ́ńbà 42 kan obìnrin tí a jọ ń lo tábìlì kan. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo ẹ̀ka ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í sọ pẹ̀lẹ́ fún, títí kan àga tó bá ṣubú. Ó fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù mí lọ, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́. Ìwé tí a fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà sọ pé a gbọ́dọ̀ wọ aago yìí láti ìgbà tí a bá ti wọlé iṣẹ́ títí a ó fi jáde, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ti ẹlòmíràn. Mo ka ìwé náà. Ó yé mi.

3. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá oṣù náà, ọrùn ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo rò pé ẹ̀fọn ni. Kò pẹ́ tó fi pọ́n, tó yípo bí òrùka ní ibi tí irin ẹ̀yìn aago náà ń jókòó sí gan-an. Lẹ́yìn náà ó sú, ó di ìléròrò wẹ́wẹ́, ìléròrò bẹ́, omi ń jáde. Ẹnì kan ní làpálàpá ni. Ẹlòmíràn ní gọ́ọ̀mù ni. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní ọṣẹ tí mo fi ń fọ abọ́ nílé ni. Mo pa ọṣẹ tì, ọkọ mi ń fọ abọ́. Mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án gbé iṣẹ́ gọ́ọ̀mù fún Ìyá Pẹ̀lẹ́. Mo ra oògùn làpálàpá, mo pa á tán. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i.

4. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yín, tó fi sùúrù gbà mí, ní kí n máa fọ abẹ́ aago náà, kí n jẹ́ kí ọwọ́ mi gbẹ kí n tó wọ̀ ọ́, kí n má fún un mọ́ra jù, kí n sì gbé e sí ọwọ́ kejì. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti wí. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ẹni tó ní egbò kan ti di ẹni tó ní méjì.

5. Ọkọ mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ṣíṣe, ló dojú aago náà dé lórí tábìlì tó sì fi ìka ra irin ẹ̀yìn rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé o rántí yẹtí tí o fi ṣe ìgbéyàwó?" Mo rántí. Kí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó wa tó pé ni etí mi méjèèjì ti ń ṣọyún. Ó ní, "Irin kan wà tí ara rẹ kì í gbà. Bóyá òun náà ló wà níbí." Mo bi ilé ìwòsàn léèrè irú irin tó wà lẹ́yìn aago náà. Wọ́n ní kí n bi àwọn tó tà á. Àwọn tó tà á ní kí n bi àwọn tó ṣe é. Àwọn tó ṣe é kọ̀wé sí mi pé àwọn dúpẹ́ tí mo yan aago àwọn. N kò yàn án. Títí di òní, n kò mọ irin tó ń jẹ mí lára.

6. Mo wá ń fi aṣọ pélébé kan sáàárín irin náà àti awọ ara mi. Ara tù mí. Ṣùgbọ́n iná kékeré yẹn kò rí awọ ara mọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé aago kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ẹ̀ka fún mi ní kúẹ́rì pé mo bọ́ aago fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ méjì náà, igba ìwé ó lé méjìlá ni mo rán. Àwọn ìwé náà wà níbẹ̀ lórí pẹpẹ níwájú rẹ̀ nígbà tó ń fún mi ní kúẹ́rì náà. Mo bi í bóyá ẹni tí kò sí níbi iṣẹ́ ló rán wọn. Ó ní òun mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, pé òun fojú ara òun rí mi, ṣùgbọ́n ohun tí aago bá kọ lòun gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́.

7. Ibi tí ìjẹ́wọ́ wà nìyí. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje, Ìyá Pẹ̀lẹ́ bọ́ aago tirẹ̀, ó nà án sí mi. Ó ní, "Wọ tèmi wò. Ó lè jẹ́ pé tìrẹ nìkan ló burú." Mo rán an létí ìwé tí a fọwọ́ sí. Ó ní, "Àwọn tó kọ ìwé náà kò rí ọwọ́ rẹ." A pààrọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni pé ó ń san. Ní ọjọ́ karùn-ún ó tún dé. A dá wọn padà. A tún pààrọ̀. Nígbà mìíràn à ń ṣe é láàárọ̀, nígbà mìíràn lọ́sàn-án nígbà tí yíyún náà bá bọ́ sí eegun. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí oṣù Kẹjọ fi dé ìdajì. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ aago náà kéré bí ojú abẹ́rẹ́, gọ́ọ̀mù sì ti bo méjèèjì. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni a bọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi láti fọwọ́, tí a mú wọn padà láìmọ èwo ni ti ta ni. A kò kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Ara Ìyá Pẹ̀lẹ́ kò sú rárá, ì báà jẹ́ tèmi ló wọ̀, ì báà jẹ́ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé a rú òfin. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

8. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ, lẹ́tà yín dé sí nọ́ńbà 41. Ẹ sọ nínú rẹ̀ pé ní ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ kẹjọ àti ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, aago gbọ́ tí ọkàn ń lù ségesège, pé kí n wá fún àyẹ̀wò kíákíá, kí n má ṣe gbé ẹrù wíwúwo. Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Dókítà lẹ okùn tín-ín-rín mọ́ mi láyà, ó wo ìwé tó jáde látinú ẹ̀rọ, ó ní ọkàn mi ń ṣiṣẹ́ geere, pé ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi dùn lóòótọ́. Mo ti sọ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn náà kí ó tó sọ sí mi lọ́kàn pé ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ èmi ni mo wọ nọ́ńbà 41 ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn.

9. Mo padà gòkè, mo sì jẹ́wọ́ fún dókítà. Mo ní kó bá mi yẹ Ìyá Pẹ̀lẹ́ wò. Ó ní ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú lẹ́tà lòun ní àṣẹ láti yẹ̀ wò, òun sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá kọ oògùn ìpara fún ọwọ́ mi, tí n kò tilẹ̀ rántí mọ́ pé ó ń yún mi.

10. Ẹ̀yin Ọ̀gá, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ó, tí mo ń tú u, tí mo tún ń ro ó. Bóyá ọkàn mi ni, tó wá ṣe ara rẹ̀ bí ẹni ire níwájú dókítà. Bóyá ọkàn Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni. Bóyá kì í ṣe ọkàn ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé omi egbò àti aṣọ pélébé ló da ojú iná náà rú. Mo gbìyànjú láti rántí ọjọ́ karùn-ún. Mo rántí pé òjò rọ̀, pé ìwé ìṣirò ni à ń rán. N kò rántí aago. Mo bi Ìyá Pẹ̀lẹ́. Ó ní ọjọ́ kẹtàlá, òun ló wọ tèmi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó ní bóyá ọjọ́ kejìlá ni.

11. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí á lọ bá yín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkàn òun kò tíì fi òun sílẹ̀ láti ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, pé kí n má fi ọ̀rọ̀ aago já òun láyà. Ìbẹ̀rù rẹ̀ mìíràn, tí kò sọ jáde, mo mọ̀ ọ́n: ó ku oṣù mẹ́rìnlá kó fẹ̀yìntì, kò sì fẹ́ kí a fi ẹ̀sùn aago pípààrọ̀ lé òun jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Nítorí náà ni mo ṣe panu mọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mò ń gbé ẹrù rẹ̀ mọ́ tèmi láìsọ ìdí rẹ̀. Ó ń bínú sí mi pé mo ń ṣe é bí arúgbó.

12. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì, Ìyá Pẹ̀lẹ́ sì gbé ìdì ìwé kan gòkè fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo padà, mo bá a níjòókòó lórí àtẹ̀gùn kẹrin, ìdì ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. Mo jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kọ ọ́ sí wọn. Má fi ohunkóhun pamọ́." Ìdí tí ìwé yìí fi dé ọwọ́ yín lónìí nìyẹn.

13. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe nọ́ńbà 42 fún àyẹ̀wò ọkàn ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ má dúró de ohun tí aago yóò sọ. Tó bá jẹ́ pé èmi ni lẹ́tà náà ń wá, ẹ tún mi yẹ̀ wò, ara mi gbà á. Ẹ yọ̀ǹda mi kí n má wọ aago náà mọ́ títí ẹnì kan yóò fi sọ fún mi irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn ẹ̀ka yòókù léèrè; mo ti rí èèyàn méjì ní ẹ̀ka ìtẹ̀wé tí wọ́n ń fi apá aṣọ bo ọrùn ọwọ́ wọn nínú ooru. Ní ti òfin tí a rú, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbójú fò ó. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí àyẹ̀wò ṣáájú ìjìyà, kí ìjìyà náà sì jẹ́ tèmi nìkan.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí èmi gan-an kò tíì lóye rẹ̀ tán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

(Mo fọwọ́ sí i)
Aránwèé, Tábìlì Kẹta, Ẹ̀ka Ìdìwé.
Nọ́ńbà 41.

Èmi náà ti ka ìwé yìí. Bó ṣe rí ló ṣe kọ ọ́, àyàfi ibi tó ti kó ẹ̀bi náà sórí ara rẹ̀: èmi ni mo kọ́kọ́ na aago sí i. Kò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ti ṣe tán láti wá lọ́jọ́ tí ẹ bá pè mí.
Nọ́ńbà 42.