Pákó Mépù Kan Ṣoṣo Tó Kù: Ìgbésí Ayé Bàbá Orrin Bixby (1941–2024)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1941, lásìkò tí omi adùn ń sun lára igi mépù, ni a bí Bàbá Orrin Bixby ní abúlé Tansy Hollow, ní ìpínlẹ̀ Vermont. Amos Bixby ni bàbá wọn, Lettie sì ni ìyá wọn. Ìran mẹ́ta nínú ìdílé Bixby ló ti ń gba omi lára igi wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń sè é títí yóò fi ki, kí Bàbá tó dáyé.

Ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan tó wà ní abúlé ni wọ́n lọ. Olùkọ́ wọn kọ ọ́ sínú ìwé èsì wọn ní ọdún 1950 pé, "Orrin gbọ́n, ṣùgbọ́n ó tún ti tú aago kíláàsì palẹ̀." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ohunkóhun tó bá ti ní inú, Bàbá á fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1959, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káfíńtà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fèrèsé, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà fún ọdún mọ́kànlélógójì.

Wọ́n gbé Màmá Verna Colby níyàwó ní oṣù kẹfà ọdún 1964. Ọlọ́run fi Lois ta wọ́n lọ́rẹ ní 1969, ó sì fi Dean tẹ̀ lé e ní 1972. Díákónì ni Bàbá nínú ìjọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: bí ìwàásù bá ń lọ lọ́wọ́, àga tó ń mì ni ojú wọn máa ń wà lára rẹ̀.

Ohun tí gbogbo abúlé mọ̀ wọ́n mọ́ jù ni àpótí ìrántí. Fún ogójì ọdún, kò sí ọmọ abúlé tó ṣègbéyàwó tí Bàbá kò kan àpótí kékeré fún. Wọn kì í mú ayùn títí wọ́n á fi lọ bá ìyàwó náà nílé, kí wọ́n bi í pé, "Kí ni nǹkan tí o ò lè jù nù láéláé?" Ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n á fi ya àpótí náà. Obìnrin kan dáhùn pé, "Eyín àtọwọ́dá ìyá mi àgbà ni." Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó gbé eyín wá, wọ́n sì wọ̀n ọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ni wọn kò lè bi ní ìbéèrè yìí, Lois ọmọ wọn ni. Ní ọdún 2008, ẹsẹ̀ Bàbá kò gbé òkè tí igi wọ̀nyẹn wà mọ́. Wọ́n bá gé gbogbo igi mépù náà tà, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lois, tó ti ń múra láti gba iṣẹ́ omi mépù náà lọ́wọ́ wọn, dé ilé ní oṣù kẹta, kùkùté igi ló bá. "Ẹ ò tiẹ̀ bi mí, Dádì!" ló sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ṣègbéyàwó, kò pè wọ́n. Ó bí Tamsin, wọn kò rí ọmọ náà. Ọdún mọ́kànlá gbáko! Ó dun Bàbá dé egungun.

Ní 2019, ọkàn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n gbé pákó mépù kan ṣoṣo tó kù nínú igi wọ̀nyẹn sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà. Àmì ihò kan, irú èyí tí à ń lu láti gba omi igi, wà lára rẹ̀, ó rẹlẹ̀ gan-an, níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà lè dé. Lois ló dá a lu nígbà èwe rẹ̀. Wọ́n fi pákó yìí ṣe ìdérí àpótí fún àádọ́ta ọdún Lois tó fẹ́ pé.

Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá ló mọ òfin ìdérí: pákó àárín kì í gba gọ́ọ̀mù. Ńṣe ni à ń tì í bọ inú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára férémù, kó lè wú nígbà ooru, kó sì súnkì nígbà òtútù tí ààrò bá ń jó nínú ilé; bí a bá lẹ̀ ẹ́ pa, yóò là. Àfi bí Bàbá ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa ní oṣù kẹjọ, tí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Lois ní ìlú Burlington.

Lois gbà á, ó gbé e sẹ́bàá ààrò, kò fèsì. Nígbàkigbà tí fóònù bá dún, Bàbá á dìde, wọ́n á tún jókòó. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kìíní ọdún 2020, fóònù dún, Lois ni.

"Dádì, ẹ lẹ ìdérí yìí mọ́ férémù!"

"Èmi kẹ̀?"

"Ta ló tún kù? Ẹ̀yin tí ẹ gbá mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣe irú ẹ̀! Ó ti là gbọọrọ."

"Gbé e wá, ká tún un ṣe."

"Nínú yìnyín yìí?"

"Màá kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún ẹ."

"Ẹ má dán an wò o! Ọkàn yín ńkọ́?"

Dean ló kó yìnyín. Lois dé pẹ̀lú Tamsin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó ń bi bàbá àgbà rẹ̀ ní ìbéèrè láti ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tún ìdérí náà ṣe. Láti ọjọ́ náà, Lois kò pa Sátidé kankan jẹ.

Ẹbí kò yé jiyàn lórí rẹ̀: ṣé Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Màmá Verna ní, "Orrin yẹn? Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni!" Ní oṣù kìíní ọdún yìí, nígbà tí Bàbá wà lórí ibùsùn àìsàn, Lois bi wọ́n gan-an: "Dádì, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àbí?"

Bàbá mi orí. "Rárá o. Mo gbàgbé ni. Mò ń kánjú. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá kú kó tó dé ọwọ́ ẹ."

Lois sunkún, gbogbo ilé sì sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni ẹbí fi yìn wọ́n fún ọgbọ́n tí wọn kò dá.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 2024, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ Lois. Wọ́n fi Màmá Verna sílẹ̀, àti Lois pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Dean pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́ta: Ruthanne, Caleb àti Tamsin.

Ẹ sùn re o, Bàbá Orrin. Àpótí náà dé ọwọ́ Lois. Kí Olúwa fún yín ní ìsinmi, kò sí ìkánjú mọ́.