Ọkọ Mi àti Àṣírí Oníbàárà
Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ò dára, ọ̀rọ̀ mi sì ń falẹ̀. Ọkọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin lókè òkun níbí, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà. Òun nìkan ni mo rí bá sọ̀rọ̀. Tí mo bá bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, á ní, "Àṣírí oníbàárà ni, lọ́yà kì í sọ ọ́."

Lánàá ó bèèrè ohun tó wà nínú ìkòkò. Mo ní àṣírí oníbàárà ni.

"Háà, ìyàwó, ebi ò mọ òfin o!"

Mo ti lóyún, kò tíì mọ̀. Ṣé kí n sọ, àbí kó kọ́kọ́ sọ tiẹ̀? Ó ti ń pè mí, ó ní kí ni mò ń kọ. Mo ní àṣírí oníbàárà ni.